Àpòòwé Tí Bàbá Orvie Shantz Kò Fọwọ́ Ara Wọn Já

Inú oko àwọn Shantz lẹ́bàá Elmira, ní ìpínlẹ̀ Ontario, ni a bí olóògbé Orvie Shantz sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 1951. Ezra Shantz ni bàbá tó bí wọn, Salinda sì ni ìyá, ọmọ ìjọ Mẹ́nónáìtì tọkọtaya. Nínú ọmọ méje, Bàbá Orvie nìkan ni màlúù kì í gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ó sì wà lára ìdí tí Bàbá Ezra fi tètè yọ̀ǹda wọn fún ilé-ìwé.

Ní 1974, wọ́n gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná. Ní 1976, wọ́n gbé Lovina Horst, olùkọ́ ọmọdé, níyàwó. Ní 1998, wọ́n wọ ilé-iṣẹ́ kan ní Waterloo tó ń ṣe fóònù tí ímeèlì ń bá ènìyàn nínú àpò láìsí wáyà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú nìyí. Ní oṣù kẹta ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ mìíràn pẹjọ́ pé àwọn ló ni ọ̀nà tí ímeèlì náà ń gbà, wọ́n sì ní ìwé ìjọba lọ́wọ́ tó jẹ́rìí sí i. Ọ̀gá pín ẹ̀dà ìwé náà fún gbogbo onímọ̀ ẹ̀rọ nínú àpòòwé. Bàbá kò sí níbẹ̀. Wọ́n wà nínú igbó Mahlon ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ń bá a se omi igi mépù kó lè di oyin igi. Kí Bàbá tó padà síbi iṣẹ́, àwọn lọ́yà ilé-iṣẹ́ wọn ti dé. Kóòtù lè ti fóònù náà pa, wọ́n ní, nítorí náà kí ẹnì kan wá ọ̀nà tuntun fún ímeèlì, kó sì jẹ́ ẹni tí kò ka ìwé yẹn rí, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ó jí i wò. Àwọn yòókù ti ka tiwọn, Bàbá nìkan ló ṣẹ́kù. Lọ́yà buwọ́ lu ẹnu àpòòwé tiwọn, ó ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láì já a. Ohun tí Bàbá kò mọ̀ ló gba iṣẹ́ fún wọn.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi la ọ̀nà tuntun náà. Nídìí oúnjẹ alẹ́ kan ni wọ́n bi ìyàwó wọn pé, “Lovina, báwo ni mo ṣe fẹ́ yà fún ẹni tí mi ò rí?” Màmá Lovina fa abọ́ wọn mọ́ra. Wọ́n bu ọ̀dùnkún sí i.

Ní 2005, ilé-iṣẹ́ méjèèjì parí ìjà láàrin ara wọn, fóònù náà sì lè máa lo ọ̀nà àtijọ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n jẹ kéèkì níbi iṣẹ́. Bàbá dé ilé lọ́sàn-án, Màmá kò sì mọ̀ bóyá kí àwọn kí wọn kú oríire ni tàbí kú àjálù. “Wọ́n ní a ti bọ́,” ni Bàbá sọ. “Ẹnikẹ́ni ò ní lo tèmi mọ́.”

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má ka ìwé náà. Wọ́n kàn fi í sábẹ́ ìwé orin ni. Tó bá jẹ́ ọ̀nà inú ìwé yẹn náà ni wọ́n là, a jẹ́ pé asán ni ọdún mẹ́ta. Ẹbí ní kí wọ́n já a tàbí kí wọ́n sun ún, wọn kò ṣe méjèèjì. Wọ́n ń kọrin ohùn ìsàlẹ̀ ní ìjọ St. Jacobs, wọ́n sì ń tún rédíò àwọn opó ṣe láìjẹ́ pé ẹnì kan pè wọ́n.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, lórí ibùsùn àìsàn, Bàbá bèèrè àpòòwé náà. Ọwọ́ wọn kò lágbára mọ́, wọ́n ní kí Màmá já a, kí wọ́n kà á. Màmá ka ojú ìwé àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò yé wọn rárá. Ojú wọn ni Bàbá sì ń wò.

“Ọ̀tọ̀ ni tìrẹ, Orvie.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Bàbá sùn. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò jí mọ́.

Kò dá Màmá lójú o. Màmá fúnra wọn ló ní kí a kọ ọ́ síbí, nítorí wọn kò fẹ́ irọ́ nínú ìwé ìsìnkú ọkọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá Bàbá ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ mọ òótọ́ rẹ̀. Màmá ń bẹ̀ yín: tí ẹ bá wá kí wọn nídìí kọfí lẹ́yìn ìsìnkú lónìí, ẹ má sọ fún wọn.

Àwọn tí Bàbá fi sáyé lọ ni ìyàwó wọn, Lovina, àwọn ọmọ, Marlys àti Curtis, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti Mahlon ẹ̀gbọ́n wọn.

Orvie Shantz, ẹ sùn dáadáa. Ọ̀nà yín ni ẹ gbà.