Ìyá Mi Ò Kú, Ọsibítù Ni Wọ́n Wà

Ìsúndúnrin, lẹ́bàá Ẹ̀jìgbò,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 1964.

Ajíbádé ọmọ mi,

Èmi Oyèdèjì tí mo fi orí ru ẹ̀pà dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ bàtà, tí mo sùn lórí àpò kòkó ní Àbíjàn fún ọdún méjì gbáko, tí ejò ṣán ní oko Ọlá tó sì jẹ́ pé ejò ni ó kú, tí mo dá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìtọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èmi bàbá rẹ ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Mo kí ọ, mo kí Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ. Ìbàdàn kò ní gbé yín mì o. Àlàáfíà ni a wà nílé, iṣu sì ta lọ́dún yìí.

Fọ́ọ̀mù àwọn onínṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ìtàn àìsàn ìdílé wa ni wọ́n ń béèrè, pé bí n kò bá kọ ọ́ dáadáa, wọn ò ní san owó iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ Yéwándé ọmọ rẹ tó wà ní ọsibítù, àti pé owó náà ju agbára rẹ lọ. Fọkàn balẹ̀, mo ti kọ ọ́. Tíṣà Fọlọ́runṣọ́ ló jókòó tì mí tó ń túmọ̀ òyìnbó ibẹ̀. Fọ́ọ̀mù ní ìyá mi ńkọ́, ṣé wọ́n wà láàyè? Mo kọ ọ́ pé wọ́n wà. Ó ní ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Mo kọ ọdún mẹ́fà. Tíṣà pariwo pé háà, Bàbá, ẹni tó bí yín lọ́mọ ni wọ́n ń béèrè. Mo ní ta ló wá bí mi? Àbí kì í ṣe oṣù kẹrin tí ìyá mi sùn ni Mosúnmọ́lá bí wọn padà, tí a fi sọ wọ́n ní Yéwándé? Ó ní òyìnbó ò mọ ìyẹn. Mo ní kó lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD.

Fọ́ọ̀mù tún béèrè ìgbà tí àrùn ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti lo gègé. Mo kọ ọ́ pé ó ti lé ní ogójì ọdún, pé ẹsẹ̀ òsì yẹn gan-an ni ìyá mi ń tiro kí wọ́n tó sùn, òun náà ni wọ́n gbé padà wá, òun la sì fi dá wọn mọ̀. Tíṣà di orí mú. Ó ní mo ti bà á jẹ́, ó ní wọn kì í sanwó àrùn tó ti wà nílẹ̀ kí èèyàn tó wọ ìnṣọ́ránsì. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀! Ta ló máa rí ẹni tó jìyà ẹsẹ̀ kan náà láyé méjì tí kò ní ṣàánú rẹ̀? Mo fi í sí póòsì lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n Ajíbádé, ọ̀rọ̀ tíṣà ti wá ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí ìyá mi ń lọ, Àbíjàn ni mo wà. Àwọn ará ilé ní ìyá mi pe orúkọ mi títí, pé wọ́n ní kí a gbé àga àwọn kọjú sí títì. Iyẹ̀pẹ̀ tútù ni mo bá. Ìgbà tí Yéwándé wá lo ọlidé níbí, mo jókòó tì wọ́n lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójoojúmọ́, n kò lè bi wọ́n bóyá inú ṣì ń bí wọn sí mi. Wọ́n kàn bó ẹ̀pà, wọ́n fi ẹyọ kan sí mi lẹ́nu. Láti ìgbà tí o ti mú wọn lọ, bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, èmi ni mo ń kọ́kọ́ yọjú.

N kì í tọrọ owó, gbogbo ayé mọ̀ mí, ṣùgbọ́n bí ṣílè mẹ́wàá bá wà nílẹ̀, fi ṣọwọ́ fún owó ọkọ̀. Olúwa yóò gbé ọmọ náà dìde, yóò sì dá èrè làálàá rẹ padà fún ọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wọ lọ́rì Mùtàlíbù, màá sì lọ bá ọ̀gá onínṣọ́ránsì pé kó fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn. Màá kọ ọ́ pé ìyá mi ti kú, pé a sin ẹsẹ̀ wọn mọ́ wọn, pé ẹsẹ̀ ọmọdé lásán ni èyí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú yín má kà á sókè létí ìyá mi ní ọsibítù.