Oògùn Bàbá Lóṣù Ààwẹ̀

Ilé Ládánì,
Ọ̀jọ́,
Ọ̀nà Àgbádárìgì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún, 1955.

Ọmọ ìyá mi, Ṣàkírù,

Mo kí ọ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí àìsàn. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ wà dáadáa ní Ìbà, wọ́n ní kí n kí ọ. Èmi náà ń bẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi kò balẹ̀. Má ṣe sáré ka ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ. Jókòó, kí o kà á tán.

Àjàgbé ará Òkókómáíkò, tó máa ń kó obì wá sí Jọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ yín, dé níjẹta. Ó ní ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, pé dókítà ibi iṣẹ́ yín fún ọ ní oògùn oníhóró, pé o sì ń gbààwẹ̀ lórí rẹ̀ láìyẹ̀. Ńṣe ló ń fi yìn ọ́. Ó ní ọmọ Ládánì kì í tẹ́. Àyà mi já, nítorí ohun tí o ń ṣe yẹn gan-an ló gbé Bàbá wa dùbúlẹ̀ sí ọsibítù l'Ékòó. Bàbá ló ní a kò gbọdọ̀ sọ fún ọ, kí ọkàn rẹ má bàa dàrú lẹ́nu iṣẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí oṣù ààwẹ̀ lé ni òtútù àyà mú wọn. Ẹ̀gbẹ́ ń dùn wọ́n, wọn kò lè mí délẹ̀. A gbé wọn lọ síbi tí ìjọba ti ń pín oògùn, wọ́n sì fún wọn ní hóró funfun. Ọkùnrin tó fún wọn sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé kí wọ́n lò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí wọ́n sì máa mu omi dáadáa, nítorí omi ni kì í jẹ́ kí oògùn náà dì sínú ara. Bàbá ní àwọn gbọ́. Ara wọn ti ń yá bọ̀ nígbà tí oṣù lé.

O kúkú mọ Bàbá. Láti ìgbà tí a ti gbọ́njú, ohùn wọn ló ń jí gbogbo Ọ̀jọ́ sí sààrì. Lèmọ́mù wá bá wọn nílé, wọ́n ní Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn, pé kí Bàbá máa jẹun, kí wọ́n san ààwẹ̀ náà padà bí ara bá le. Bàbá dáhùn pé, “Èmi tí mò ń jí wọn, ṣé èmi ni wọn yóò wá máa bá lọ́sàn-án pẹ̀lú ife omi lẹ́nu?” Lèmọ́mù sọ ọ́ títí, ó sú wọn.

Bàbá kò pa oògùn tì o, ìyẹn ló dùn mí jù. Ọgbọ́n orí ara wọn ni wọ́n lò. Wọ́n da ti àárọ̀ pọ̀ mọ́ ti ọ̀sán, wọ́n ń gbé e mì ní sààrì pẹ̀lú omi ìwọ̀nba, nítorí wọ́n ní omi púpọ̀ kì í jẹ́ kí ohùn já gaara. Láti sààrì, pẹ̀lú oòrùn tó mú yìí, kò sí ẹ̀kán omi kan lẹ́nu wọn di ìṣínu. Èmi ni mò ń ti Ìbà wá dáná fún wọn. Mo rí i pé oúnjẹ ń rí wọn lára, wọ́n ní ààwẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Ara ń yún wọn, wọ́n ní ooru ni. Kò sí ohun tí wọn kò rí dá lẹ́bi àfi bí wọ́n ṣe ń lo oògùn náà.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́, mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n tọ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ìtọ̀ náà fi dá pátápátá. A gbé wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Èkó. Mo gbé omi sí wọn lẹ́nu nínú ọkọ̀ náà, wọ́n pa ẹnu dé mọ́ mi lọ́wọ́.

Dókítà bínú sí gbogbo wa. Ó ní oògùn náà kò burú, àmọ́ a kì í da ìlò méjì pọ̀, a kì í sì í lò ó láìsí omi. Ó ti dì sínú kíndìnrín Bàbá. Ó ní ara yíyún àti ẹ̀yìn dídùn yẹn ni oògùn fi ń sọ fún wa pé nǹkan ti ń yí padà, ìgbà yẹn ló yẹ kí a ti sáré wá. Wọ́n pààrọ̀ oògùn, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fa omi sí wọn lára. Síbẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá gbé ife wá lọ́sàn-án, Bàbá a kọjú sí ògiri.

Lánàá ni mo lọ sọ ọ̀rọ̀ tìrẹ fún wọn. Lèmọ́mù àti àwọn ará mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, wọ́n wá kí wọn. Bàbá wá ní kí n gbé àwọn jókòó, kí n bu omi wá. Oòrùn wà láàárín ọ̀run. Wọ́n mu ún tán lójú gbogbo wọn, omijé sì ń bọ́ lójú Bàbá. Wọ́n ní, “Kọ ọ́ sí Ṣàkírù pé bàbá rẹ̀ mu omi lọ́sàn-án ààwẹ̀. Kí òun náà mu.” Mo sunkún, Ṣàkírù, mi ò purọ́ fún ọ.

Ìtọ̀ ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ṣì wú, dókítà kò sì tíì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Má ṣe kó oògùn rẹ dà nù o. Padà sọ́dọ̀ dókítà tó fún ọ, sọ fún un pé o ti ń gbààwẹ̀, kí ó sọ bí o ṣe máa lò ó. Bí ara bá ń yún ọ, tàbí ìtọ̀ rẹ yí àwọ̀ padà tàbí tí ó dínkù, má ṣe fún un lórúkọ mìíràn, lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọlọ́run yóò bá wa wo Bàbá sàn, yóò wo ìwọ náà. A kò ní fi ojú sunkún ara wa. Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbé ọ mì. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó gbé ọ pọ̀n,
Àwẹ̀ró.

Àfikún: Àjàgbé tún ní o bu nínú hóró náà fún ọ̀rẹ́ rẹ kan tó ń wúkọ́. Jọ̀ọ́, oògùn kì í ṣe obì tí a ń pín fún àlejò. Bàbá sì ní bí o bá ń fèsì, kí o má wulẹ̀ kọ ìkíni rẹpẹtẹ. Kí o ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ti mu omi.