Fíìmù Tí Mo Sá Sórí Ẹní Kòkó

Omifunfun, lẹ́bàá Òdígbó,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kìíní, ọdún 1960.

Olúbùsọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Jésùtọ́pẹ́ ọmọ ọmọ mi ńkọ́, tó ń gba ipò kìíní ní Ìbàdàn, tí mo ti ròyìn rẹ̀ fún àwọn tí kò tilẹ̀ béèrè? Ọlọ́run tí à ń ké pè nínú ilé àdúrà wa yóò máa ṣọ́ yín. Ẹ kò ní fẹsẹ̀ kọ, ọ̀tá kò ní rí yín gbé ṣe, ọ̀gá rẹ kò sì ní bínú sí ọ nítorí ohun tí ìyá rẹ ṣe. Àmín. Àdúrà ìkẹyìn yẹn ní ìdí, wàá rí i níwájú.

O ti rí i pé ọwọ́ yìí kì í ṣe ọwọ́ Olúsọjí, olùkọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, tó máa ń bá mi kọ lẹ́tà. Ọwọ́ mi ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, bí o bá sì dé ibi tí ìlà ń gòkè bí ẹni ń gun ọ̀pẹ, mú un mọ́ra. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣe é pe ẹlòmíràn kọ, ojú ń tì mí. Jọ̀wọ́, má kà á fún Jésùtọ́pẹ́.

Ilé dára. Ọyẹ́ mú, ètè gbogbo wa ti ya. Ewúrẹ́ mi bí ìbejì, akọ ni méjèèjì, kòkó sì so dáadáa lọ́dún yìí.

Ọ̀rọ̀ Adégbóyè ni mo fẹ́ sọ, ọkùnrin ayàwòrán tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, tí o ní kí n gbà lálejò. O kò sọ fún mi pé inú àpò ló ká ọkọ̀ ojú omi sí bí ẹní. Nígbà tó tú u, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ na aṣọ kan tó nípọn, ó sì di ọkọ̀, ihò kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀ tí ó ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ bí ẹni ń wọ ṣòkòtò. Àjẹ̀ tó fi ń wà á pẹlẹbẹ lókè, ó tún pẹlẹbẹ nísàlẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń ronú àtipadà sẹ́yìn ni, ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ó ní fọ́tò tí òun fẹ́ yà wà fún ìwé tí ìjọba yóò tẹ̀ nígbà tí a bá gba òmìnira ní oṣù kẹwàá. Mo ní ta ni yóò wà nínú fọ́tò náà. Ó ní kò sí ẹnì kankan, àbàtà ni, àti adágún, òṣíbàtà, ògùrọ̀, àti ìkùukùu òwúrọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rò ó pé kò rí ẹni bá a dúró ni, bẹ́ẹ̀ ni mo wọ aṣọ àrán mi, mo lọ dúró létí adágún láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, kí omi náà lè ní ẹni tí yóò bá a dúró nínú fọ́tò. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi láti inú ọkọ̀, bó ti lè ṣe é mọ, ó sì bẹ̀ mí kí n sún díẹ̀. Mo sún. Ó ní kí n tún sún díẹ̀. Ẹ̀yìn igi ni mo wà nígbẹ̀yìn, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́ níbẹ̀ títí ó fi yà á tán.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ní ọjọ́ kejìlá, kùkùté kan dá ọkọ̀ náà lu nínú àbàtà, àpò rẹ̀ sì bọ́ sómi. Ó gbé e wá fún mi, omi ń ro tótó, ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tọ́jú àpò yìí. Iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀.” Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Agbabu kí àwọn ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ lè fi ọ̀dà tó ń sun láti inú ilẹ̀ dí ihò náà.

Olúbùsọ́lá, ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, ohun tó bá tutù, oòrùn là ń sá a sí. Kòkó tí a kò sá, èébu ni yóò bu. Mo tú àpò náà, mo bá tínńnì kéékèèké bí agolo nínú rẹ̀, wọ́n ya ẹyẹ sára wọn, wọ́n fi ọ̀já alẹ̀mọ́ dì wọ́n lẹ́nu. Límátù, ìyàwó Láoyè tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa, ń yí kòkó lórí ẹní lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ní, “Ìyá, wọ́n kọ nǹkan sára rẹ̀. Kí ni wọ́n kọ?”

Gẹ̀ẹ́sì ni. Yorùbá nìkan ni Olúsọjí ń kọ́ wa, ìwé kejì la sì dé. Ṣùgbọ́n obìnrin mẹ́fà jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń ṣa kòkó, àwọn tí mo ti sọ fún pé kò sí ìwé tó lè dá mi dúró mọ́. Mo gbé tínńnì náà sókè, mo ń mi ètè bí ẹni ń kàwé, mo ní, “Wọ́n ní ká tètè sá a sóòrùn.”

Bí a ṣe gé ọ̀já nìyẹn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dúdú, ó ń dán, bí a bá ti fà á ni yóò tún ká jọ bí ọ̀kùn. A fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹní láàárín kòkó. Mo wò ó títí, n kò rí igi kan, n kò rí omi kan. Mo sọ fún àwọn obìnrin náà pé omi ló fọ fọ́tò dànù, pé oòrùn yóò dá a padà, a sì ń yí i lójú méjèèjì títí di ìrọ̀lẹ́.

Adégbóyè dé. Kò pariwo. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sókè wo ojú ọ̀run, ó sì rọra dá a padà. Òde tínńnì nìkan ni omi ti kàn, inú rẹ̀ gbẹ bí ewé ọyẹ́. Fíìmù ni wọ́n ń pè é, ìmọ́lẹ̀ ló ń pa á, inú òkùnkùn biribiri ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé kí a ti ṣí i. Ó ní, “Ta ló ṣí i?”

Èmi ìyá rẹ dáhùn pé, “Límátù ló wà nídìí kòkó.”

Òtítọ́ ni, irọ́ sì ni. Límátù wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó kúnlẹ̀, ó ní kí ọ̀gá forí ji òun. Adégbóyè wá yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ ṣeun, Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú mi.” Ìbá sàn kó bú mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n èmi àgbà ni mo wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo sì tẹ orí ọmọ náà wọ́.

Lẹ́tà tí mo ní kí Olúsọjí kọ sí ọ lẹ́yìn náà, irọ́ yẹn náà ni. O fèsì pé kí Límátù má fọwọ́ kan nǹkan kan nílé wa mọ́. Zachariah ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́, ó ti Òdígbó wá, ó ní kí Láoyè kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin kúrò lóko bí a bá ti ta kòkó tán. Ọdún kẹfà Láoyè nìyí lórí ilẹ̀ yẹn. Ó ṣí fìlà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ikọ́ ni mo wú.

Lánàá, nígbà tí mo kọ lẹ́tà yìí dé ibi tí o kà dé yìí, mo pe Límátù sábẹ́ igi obì, mo kà á sí i létí. Ó pẹ́ kí n tó kà á tán, nítorí àwọn ibì kan wà tí èmi tí mo kọ ọ́ kò mọ ohun tí mo kọ. Nígbà tí mo dé ibi tínńnì, ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Ó ní, “Ìyá, mo ti mọ̀. Ẹyẹ tí wọ́n yà sára tínńnì yẹn, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà lókè.”

Mo ní kí ló dé tí kò sọ.

Ó ní, “Obìnrin mẹ́fà ló ń wò yín.”

Ó dìde, ó lọ yí kòkó mi.

Ọmọ mi, bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó epo àtùpà ránṣẹ́ sí mi, ìwé kíkà ń jẹ epo. Ṣùgbọ́n kí o tó rí tèmi rò, ra síléètì kan àti ìwé A-B-D kan fún Límátù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Olúsọjí. Gbé ẹja gbígbẹ inú agbọ̀n yìí fún Adégbóyè, inú adágún tó yà ló ti wá. Sọ òtítọ́ fún un. Bí ó bá lè padà wá, ilé ni n óò jókòó sí, kí omi máa dá ya fọ́tò tirẹ̀.

N kò lẹ lẹ́tà yìí pa. Zachariah ni yóò gbé e lọ fún awakọ̀ ní Ọ̀rẹ̀, mo sì ti ní kí ó kà á kó tó fi í lé e lọ́wọ́. Ohun tí ẹnu mi kọ̀ láti sọ fún un, kí ojú rẹ̀ bá mi rí i. Láoyè kò ní kúrò lóko.

Olúwa yóò jẹ́ kí o dàgbà jù mí lọ, kí o sì gbọ́n jù mí lọ kí o tó dàgbà. Àwọn ọmọ rẹ kò ní gbọ́ ìtìjú rẹ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Mo ní kí o má kà á fún Jésùtọ́pẹ́. Kà á fún un. Rọra kà á bó bá dé ibi ẹyẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, Oyèlọlá, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.