Ìrìn Àárọ̀ Èmi àti Àlàájà Nùsírátù

Múyìwá, Àkànmú ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìjọba, mo kí Ìrètíolúwa ìyàwó rẹ, mo sì kí Àbújá tó gbà yín lọ́wọ́ mi. Ara yín yóò le bí òkúta odò, ẹ kò ní fi oògùn ṣe oúnjẹ. Èmi náà wà nínú ilé rẹ ní Festac níbí, níbi tí o mú mi wá láti Àràrọ̀mí kí ìjọba tó gbé ọ lọ. Mò ń gbá a, mo sì ń tan iná yàrá rẹ nírọ̀lẹ́ kó má baà dà bíi pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Lẹ́tà ni mo kọ torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, mo sì ń bẹ̀rù pé tí mo bá kó gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, fóònù yóò kún, ìpè rẹ kò ní ráyè wọlé lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ pè mí. Bọ̀dá Charles ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń wọkọ̀ ní Mazamaza bọ̀ wá sí Àbújá, òun ni mo fi rán.

Orúnkún mi tó ń dùn mí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dókítà wò mí, ó ní ìjókòó ojú kan ló ń dà mí láàmú, kí n lọ máa ṣe ẹsásáìsì. Mo dúpẹ́, mo gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì lọ, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹsásáìsì, èyí tí kò korò. Ọmọbìnrin ibẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì. Ó ní Màmá, wọn kì í tà á, ẹsẹ̀ yín lẹ máa fi ṣe é, ẹ kàn máa rìn láàárọ̀. Mo ní kí n rìn lọ síbo? Ó ní kò síbì kan, kí n ṣáà máa rìn.

Ìwọ náà mọ̀ pé ní Àràrọ̀mí, oko là ń rìn lọ, tàbí odò, tàbí ilé ọlọ́fọ̀. Ẹni tó bá ń rìn tí kò lọ síbì kan, àwọn ẹbí rẹ̀ ló máa ń wá a kiri. Ṣùgbọ́n àṣẹ dókítà ni. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo jáde. Mo rìn títí mo fi dé àdúgbò kan tí n kò dé rí, mégáàdì ẹnu géètì wọn wá bi mí pé Màmá, níbo lẹ ń lọ. Mo ní n kò lọ síbì kankan. Ó ní ta lẹ ń wá. Mo ní n kò wá ẹnì kankan. Ó ní níbo nilé yín. Mo ní ilé Múyìwá ni. Ó wò mí, ó rọra dì mí lọ́wọ́ mú, ó gbé àga fún mi, ó fún mi lómi, ó sì fi fóònù rẹ̀ yà mí ní fọ́tò. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni dókítà ní kí wọ́n máa ṣe fún àwa tá a bá rìn dáadáa. Mo tún gèlè mi ṣe, mo rẹ́rìn-ín.

Àṣé ó ti fi mí ránṣẹ́ sínú fóònù gbogbo ará àdúgbò pé ta ló ni màmá tó sọnù yìí. Múyìwá, fọ́tò mi wọ ilé gbogbo, ó dé ilé tí ògiri wọn lẹ̀ mọ́ tiwa, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi mú.

Obìnrin àgbà kan tó ga, tó wọ híjáàbù àti bàtà kánfáàsì, ló wá dé, tó ní òun ló ni mí. N kò rí i rí láyé mi. Nígbà tá a kúrò lójú wọn ló ní òun ò lè máa wo àgbàlagbà ẹgbẹ́ òun nínú fóònù bí ewúrẹ́ tó jẹko kọjá ààlà. Àlàájà Nùsírátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ onílẹ̀ Amúwò níbí ni. Òun ló bá mi wá ilé títí a fi rí i.

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ló ń dúró sábẹ́ fèrèsé pè mí pé Ìyá Múyìwá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín wá! A ó rìn jẹ́jẹ́, a ó máa sọ̀rọ̀, á máa fi hàn mí pé ibi tí báńkì wà yẹn, ìyá òun sá ẹja níbẹ̀ rí. Ní Sátidé, ó mú mi lọ sí pápá tí àwọn arúgbó ti ń ṣe ẹsásáìsì pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Seth ni olùkọ́ wa, fèrè ló fi ń pàṣẹ. Ó ní ká nawọ́ sókè, mo nà á, mo kígbe Halelúyà, torí n kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn ń nawọ́ sókè fún. Ó ní ká fa èémí sínú, mo fà á, ẹnì kan dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kò ráyè sọ pé ká tú u sílẹ̀, mo sì dì í mú títí ojú mi fi ń ṣú, àfìgbà tí Àlàájà gbá mi lẹ́yìn. A rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gbẹ́ ń dùn wá. Orúnkún mi dákẹ́.

Àmọ́ láìpẹ́ yìí, mo múra, mo dúró ti fèrèsé, n kò gbọ́ ohùn. Lọ́jọ́ kejì mo wá a lọ sílé. Ayálégbé rẹ̀ ló sọ fún mi pé ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, Fàwáz ọmọ rẹ̀ sì ti gbé e lọ sí Ìlọrin kó lè máa tọ́jú rẹ̀. Ó ní Àlàájà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba iwájú ilé mi kọjá, wọ́n ní ọ̀nà yóò jìn. Bàtà kánfáàsì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pẹ́ tí mo jókòó tì í kí n tó dìde.

N kò jáde mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mò ń se oúnjẹ, mò ń gbàgbé láti jẹ ẹ́. Tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa dá a lóhùn. Orúnkún tún bẹ̀rẹ̀. Sátidé tó kọjá ni mo bá ara mi wí, mo dá lọ sí pápá. Bí mo ṣe dé ni wọ́n yí mi ká pé Ìyá Múyìwá, Àlàájà wa ńkọ́? Èmi ni wọ́n ń bi, bí ẹni ń bi ẹbí. Mo ní ó rìnrìn àjò. Ọ̀gbẹ́ni Seth fọn fèrè, a nawọ́ sókè, omi ń dà lójú mi, wọ́n rò pé òógùn ni.

Wàyí o, a kò gba nọ́ńbà fóònù ara wa rí, ayálégbé rẹ̀ náà kò sì ní in. Ṣùgbọ́n gbogbo NIN tí wọ́n fi kọ orúkọ àti nọ́ńbà wa sílẹ̀, Àbújá ni wọ́n ní wọ́n kó o lọ, ìyẹn ni pé Àlàájà wà lọ́dọ̀ yín. Jọ̀wọ́, bá mi bẹ àwọn tó ń tọ́jú NIN náà kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà Àlàájà, kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Fi owó díẹ̀ náà ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà, ti ṣọ́ọ̀ṣì mi ti lanu níwájú.

Ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ débi ibi. Ìwọ àti aya rẹ yóò dàgbà pọ̀, Ọlọ́run kò ní fi ẹnì kan sílẹ̀ lóun nìkan nínú yín. Tí o bá sì ráyè wá, má ṣe dé lálẹ́ kí o padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Dúró di àárọ̀, ká jọ rìn díẹ̀. Mi ò ní dá ọ dúró pẹ́.

Èmi ìyá rẹ,
Rosaline