Ọwọ́ Òsì Bùsúyì

Sátidé, ìrọ̀lẹ́, Ayétòrò

Gbogbo ilé ṣì ń yọ̀. Ẹ̀rù ló ń ba èmi.

Orí fóònù mi la ti wo Bùsúyì, àbúrò mi, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ beesibọ́ọ̀lù tó gbà á síṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Títí eré fi parí, alátakò kankan ò rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ fi igi gbá dáadáa. Wọ́n ní irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà.

Ọ̀gá wọn, bàbá arúgbó kan, wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì ni Bùsúyì nà sí i.

Màmá pòṣé. "Ọwọ́ òsì, sí àgbàlagbà? Òyìnbó ti ba ọmọ mi jẹ́."

"Ìyá Bùsúyì, ẹ fi í sílẹ̀," ni àbúrò bàbá wa wí. "Lónìí, bó fẹsẹ̀ kí i, ó tọ́ sí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo ọwọ́ ọ̀tún tó fi ju bọ́ọ̀lù. Kò gbé e rárá. Ọwọ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo fi fídíò pè é. "Bùsúyì, gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí n rí i."

"Àǹtí mi, mi ò rí yín mọ́. Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa."

Ojú mi ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.