Usamah Ló Kọ Ìtàn Mánéjà àti Tírélà

Usamah, ọdún mẹ́rin rèé tí o ti fi wá sílẹ̀. Èmi Ruqoyah, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni mo ń kọ èyí fún ìyá wa, fún Tinú ìyàwó rẹ, àti fún Kaothar ọmọ rẹ. Lọ́dún mẹ́ta tó kọjá, a ṣe àdúrà, a sì dákẹ́. Lọ́dún yìí mi ò lè dákẹ́, torí àwọn tó yẹ kí ojú ó tì, ojú ò tì wọ́n.

Yasir ti tún bẹ̀rẹ̀. Yasir tó ni ẹgbẹ́ ìjàkadì yín ní Ajégúnlẹ̀, tó ń pe ara rẹ̀ ní Alága, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò gbá létí rí lórí ríìngì, torí kì í gun ibẹ̀ àfi tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. O rántí pé bí ọdún bá ti ń parí lọ, ó máa ń to ìjà márùn-ún tó dùn jù lọ lọ́dún náà sórí fóònù fún gbogbo ayé. Lọ́dún yìí, kò rí márùn-ún kó jọ. Ló bá lọ hú ti ọdún tí o kú jáde, ó tún un tò, ó sì fi àwòrán rẹ sí i.

Mo kà á. Ìkarùn-ún ni àwọn ìbejì tó ń jà nítorí obìnrin kan. Oṣù Màáṣì ni ìjà yẹn bẹ̀rẹ̀, inú Màáṣì náà ló parí, torí obìnrin náà rí iṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Ìkẹrin ni ti ẹlẹ́jò, tí ejò rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Èmi ni mo rán ojú mọ́ ọn. Ìkẹta ni ti jagunjagun kan àti ọkùnrin abòjú tí ẹnì kankan ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n jagunjagun náà ni, torí ó ń tiro. Ìkejì ni ti alùfáà ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfáà tó ń bára wọn jà nítorí ariwo. Àwọn méjèèjì jọ jẹ ìrẹsì nínú abọ́ kan lẹ́yìn pápá, lójú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún lórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ìkínní ni Mánéjà àti Tírélà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà: “Ẹni tó kọ ìtàn: Alága Yasir.”

Mo pòṣé títí ẹnu fi ń ro mí. Ọkùnrin tí kò lè kọ lẹ́tà ìsinmi fún ara rẹ̀.

Usamah, ìwọ lo kọ ọ́. Mo wà ńbẹ̀. Ọdún mẹ́fà lo fi wa ọkọ̀ fún mánéjà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Àpápá GRA. O ní ọ̀gá rẹ kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn jẹ́ pé tó bá ti bọ maigádì lọ́wọ́ tán, á wọ inú ọkọ̀, á sì rọra nu ọwọ́ rẹ̀ níbi tó rò pé o ò rí i. O wo ọwọ́ yẹn fún ọdún mẹ́fà. Ọjọ́ tí o wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Amukoko pé kí n rán kóòtù funfun fún ọ, mo rò pé ìgbéyàwó lo fẹ́ lọ.

“Ìjàkadì?” mo ní. “Èyí tí wọ́n ti ń ṣubú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n?”

“Àǹtí, ẹ ṣáà bá mi rán an,” lo wí. “Ẹ ó rí i.”

Mo rán an, mo sì ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tó ń lọ́ mọ́ àgbàlagbà lórí fóòmù, mi ò rí ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀. Àmọ́ mo wá wò ó ní oṣù kìíní, mi ò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Mánéjà wọlé. Ìwọ kọ́ ni mo rí, Usamah. Ẹnì kan ni mo rí tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ máa ba bàtà rẹ̀ jẹ́. Fejiro ń dúró dè ọ́ lórí ríìngì, Oghenefejiro ọ̀rẹ́ rẹ, awakọ̀ tírélà ní èbúté Tin Can lójú ayé, awakọ̀ tírélà náà nínú ìtàn. O bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. O fi ọwọ́ òsì rẹ yọ aṣọ ìnuwọ́ jáde, o nu ọwọ́ rẹ ní ìka kọ̀ọ̀kan, o ju aṣọ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà lo gba ìwé ọkọ̀ rẹ̀, o wò ó, o sì sọ fún un pé, “Kò ì tíì kàn ọ́.”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù mọ́kànlá gbáko lo fi sọ ọ́ fún un. Ó máa ń ṣẹ́gun gbogbo ẹni tí o bá rán sí i, á dé iwájú rẹ pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́, ìwọ á ní kò ì tíì kàn án. Ta ló wà ní pápá yẹn tí kò ní ẹbí tó ti sùn sínú tírélà lójú ọ̀nà Tin Can fún ọjọ́ mẹ́wàá? Wọ́n kórìíra rẹ dé egungun. Wọ́n ń ju ọ̀rá omi mọ́ ọ. Obìnrin ẹlẹ́ja kan kọ̀ láti ta ọjà fún ìyá wa. Ó ní, “Ìyá Mánéjà, ẹ lọ tò sórí ìlà.”

Mo wá bá ọ jà lórí ìyẹn. O ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Àǹtí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kórìíra mi dáadáa,” lo wí. “Ní Disẹ́ńbà, Fejiro á gbé mi sókè, á jù mí sínú ọmọlanke, á sì fi mí yí pápá ká lójú gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti dúró láti oṣù kìíní, ó yẹ kó rẹ́rìn-ín lọ sílé. Bí mi ò bá ṣubú, a ti rẹ́ wọn jẹ nìyẹn.”

O ò rí Disẹ́ńbà yẹn lò. Lẹ́yìn ìjà oṣù kọkànlá, ara rẹ ń gbóná, ojú rẹ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. A pè é ní ibà. Ọjọ́ mọ́kànlá péré. Ọjọ́ tí o kú náà la sin ọ́, kí oòrùn tó wọ̀. Fejiro fi tírélà rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìlà, ó sì wà lára àwọn tó sọ̀kalẹ̀ gbé ọ sínú ilẹ̀.

Ìyá wa bi mí pé, “Ta ni ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń sunkún yìí?”

Mo ní, “Ọ̀tá Usamah ni, Ìyá.”

Yasir wá ní ọjọ́ fídáù. Ó jẹun, ó tún bù sí i. Ó rí kóòtù funfun lára ògiri, ó ní kí Tinú fún òun. Tinú rò pé fún ìrántí ni, ó fà á lé e lọ́wọ́. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí bébà fi bo gbogbo ògiri láti Amukoko dé ọjà Bóúndárì: Mánéjà ò kú, London ló lọ, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i lójú, ó ń bọ̀ wá kojú Tírélà ní Sátidé tó kẹ́yìn ọdún.

Ọmọ ọdún méje ni Kaothar nígbà náà. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ sálúbàtà rẹ.

“Àǹtí, Bàbá mi ń bọ̀ ní Sátidé,” ló wí. “Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.”

Mo lọ bá Yasir. Mo bẹ̀ ẹ́, kí Ọlọ́run forí jì mí pé mo bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

“Alága, ọmọ rẹ̀ ti gbà á gbọ́,” mo ní.

“Ìtàn ni, Ruqoyah,” ló wí, kò gbójú sókè lórí fóònù. “Ìtàn kì í kú. Gbogbo Ajégúnlẹ̀ ló ń dúró dè é.”

“Ọmọ ọdún méje ni.”

“Ẹ mú un jókòó sílé nígbà náà.”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń lé adìẹ.

Tinú ló sọ pé a ò ní mú un jókòó sílé. Ó ní bí a bá sọ fún un nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní gbà, pé kó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Inú bí mi sí Tinú lọ́jọ́ náà, mo ní ìwà ìkà ni. Ó wò mí, ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin ẹ ò sí ńlé nígbà tó ń tẹ́ aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí bàbá ẹ̀ máa ń sùn.” Mo mú ìyá wa dání. A lọ. Ìlà àkọ́kọ́ la jókòó sí.

Mánéjà Yasir jáde. Ọmọkùnrin kan ni wọ́n gbé kóòtù rẹ wọ̀, tí wọ́n fi báńdéèjì wé lójú. Apá kóòtù gùn jù ú lọ, èmi tí mo rán an mọ̀. Ó ń yan bọ̀ bí àkùkọ tó gun orí ààtàn. Kaothar dìde dúró lórí àga, kò mí. Ọmọkùnrin náà bọ Fejiro lọ́wọ́, ó yọ aṣọ ìnuwọ́, ó sì ń nu ọwọ́.

Kaothar jókòó padà wẹ́rẹ́.

“Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń nù ún,” ló wí. “Kì í ṣe Bàbá mi.”

Kò sunkún. Ó kàn di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ìgbà yẹn ni Fejiro rí wa. Ó wo Kaothar, ó wo Tinú. Ọmọkùnrin náà ti ń sọ pé, “Kò ì tíì kàn ọ́,” ó ń gbá a láyà, Fejiro sì sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́. “E don do, ó ti tó,” ló sọ fún un, ó sì bá a tú báńdéèjì náà bí ẹni tó ń tú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà ló gba gbohùngbohùn.

“Orúkọ ẹni tó ń jẹ́ Mánéjà ni Usamah,” ló wí. “Ó ti kú. Mo wà lára àwọn tó sin ín. Òun ló kọ gbogbo ìjà yìí láti oṣù kìíní. Ó ní lónìí kí n gbé òun sókè, kí n jù òun sínú ọmọlanke, kí ẹ bàa lè rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kí ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ rẹ̀ wà níbí. Mi ò ní bá òkú jà.”

Ó jókòó sílẹ̀ lórí ríìngì, ó sunkún. Àwọn tó ń ju ọ̀rá omi mọ́ ọ, mo rí wọn tí wọ́n ń ṣí fìlà. Ẹlẹ́ja yẹn wà ńbẹ̀, ó rìn wá síwájú wa, ó kúnlẹ̀ fún ìyá wa.

Ṣé o rò pé ó parí síbẹ̀? Yasir ò tijú. Ó ti gba gbogbo rẹ̀ sórí fóònù. Kí ọdún tó yí, ó ti gbé e síta, ó ní òun lòun kọ ọ́, pé òun lòun ní kí Tírélà sunkún. Ó pè é ní ìtàn tó dára jù lọ lọ́dún. Àwọn aláìmọ̀kan sì ń pàtẹ́wọ́ lábẹ́ rẹ̀: ẹkún yìí mà wọ̀ mí lára o, eléré gidi ni. Ẹkún ọ̀rẹ́ rẹ ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ohun tó tún gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn.

Bí kò bá tijú, kó máa gbà á. Èmi kàn fẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀ níbì kan pé olè ni.

Jẹ́ kí n sọ ti ilé fún ọ. Tinú ti kan òrùlé ilé yàrá méjì tí o bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀kọ́-Àfọ̀, wọ́n sì ti kó wọ ibẹ̀. Fejiro fi ẹgbẹ́ Yasir sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń wa tírélà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjàkadì nínú ọgbà kan ní Amukoko. Èmi ni mo ń rán aṣọ wọn. Ìtàn ìjà tí o kọ sínú ìwé rẹ ló ń kọ́ wọn, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ kó má dárúkọ rẹ. Kaothar ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ga, ó ń ṣàfojúdi díẹ̀, ó sì mọ̀ pé o ti kú. Bí wọ́n bá pe ìyá wa ní Ìyá Mánéjà ní Bóúndárì báyìí, ìyá á dáhùn kíákíá, á sì gbórí sókè.

Mi ò ní purọ́ fún ọ níbi tí o wà. Mi ò fẹ́ràn ìjàkadì rí, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò rí ohun tó dára nínú rẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ràn, àbúrò mi. Ìwọ la fẹ́ràn, ìwọ la sì ń ṣàárò, gbogbo wa, lójoojúmọ́.