Èmi Kò Pe Ọfọ̀ Sí Iná

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́ oko Ṣẹ́kọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ilẹ̀ Jámánì. Ìyá Kúdí, ará Ìwó tí a jọ ń gbálẹ̀ níbí, ló ń bá mi kọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè lójúde wa l'Ẹ́dẹ, nítorí ojúde náà ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́.

Bàbá, inú ń bí mi. Ràṣídì àbúrò mi ní àwọn àna wa ní Awo ti wo fídíò tí mo fi ránṣẹ́, wọ́n ní àwọn kò gba ọmọ olóògùn sílé, wọ́n sì ti dá yìgì Sìdíkátù ọmọ mi dúró. Ó ní ẹ̀yin náà wò ó, ẹ ní ẹni tó ń pàṣẹ fún iná kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi!

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ rí. Ní yunifásítì tí a ti ń gbálẹ̀, obìnrin kan ń ṣe ìyẹ̀fun tó kúnná ju èlùbọ́ lọ. Ẹyọ rẹ̀ kan kò ṣeé fojú rí. Ó fi kun gíláàsì, ó so ó mọ́ bátìrì àti gílóòbù kékeré. Bí ìmọ́lẹ̀ elésè àlùkò bá tàn sí ìyẹ̀fun náà, á yí padà, á jẹ́ kí iná kọjá. Bí aláwọ̀ ewé bá tàn sí i, á dí ọ̀nà. Súwíìṣì ni, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọwọ́.

Ó fún mi ní tọ́ọ̀ṣì méjèèjì kí n dán an wò. Òtútù ti sé wa mọ́lé, ó pẹ́ tí mo ti rí ẹni bá rẹ́rìn-ín. Ni mo bá ṣe bí ẹ ti ń ṣe fún wa lóko. Ẹ máa ń ní kí patanmọ́ pa itan rẹ̀ mọ́, pé ọkọ rẹ̀ ń bọ̀, ẹ ó wá fi ọmọ ìka kàn án. Ewé á pa dé, àwa ọmọ á hó yèè. Èmi náà ní kí gílóòbù tàn, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó kú, mo tan èkejì. Tọ́ọ̀ṣì kò hàn nínú fídíò tí a yà níbẹ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu yín ló ń pa patanmọ́ dé, àbí ìka yín? Ta ló pè yín ní olóògùn?

Ìyá Kúdí ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀, pé lẹ́tà ni mo ń kọ, n kò dúró sí ààlà oko. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ jìyà orí kunkun mi. Mo bínú sí i. Àmọ́ mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀.

Bàbá, ẹ dìde lọ sí Awo. Ẹ mú àwọn àna wa dé ìdí patanmọ́, ẹ ṣe é fún wọn bí ẹ ti ṣe é fún mi. Ẹ ní èmi ni mo ṣàwàdà, Sìdíkátù kò ṣe é. Kí wọ́n bá mi bínú, kí wọ́n so yìgì ọmọ mi. Mo tọrọ àforíjì. Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fi jọ.

Kí Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ yín lágbára dé Awo. Ẹ kí Màmá, ẹ kí Ràṣídì aláròká, ẹ kí gbogbo agboolé.

Èmi ni Lásísì, ọmọ yín, bí ẹ fẹ́, bí ẹ kọ̀.